Ọ̀rọ̀ Tí Ó Gbọ́dọ̀ Dé Etí Gbogbo Àwọn Oníṣẹ́ Abẹ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní ìlú Ìwó

  A mọ̀ pé láti oko, láti ọjà Odò-Orí, àti láti ìdí iṣẹ́ ọwọ́ ni púpọ̀ nínú yín ti wá síbí. Ẹ kò sọ pé ó rẹ̀ yín. Ẹ gbé ìwé yín, ẹ wá. Ẹ ṣeun o.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ọsibítù. Ó jẹ mọ́ yàrá tí àwọn dókítà ti ń fi abẹ ṣe ìwòsàn, èyí tí wọ́n ń pè ní tíátà. A fẹ́ sọ bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣe ń fi fóònù àti kọ̀ǹpútà bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti ohun tí ó kù kí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Èmi kì í ṣe dókítà." Ó kàn yín o. Lónìí ara le. Lọ́la, ìyàwó ẹni lè máa rọbí kí ọmọ má lè wálẹ̀. Ìpá lè máa yọ bàbá lẹ́nu. Ọ̀kadà lè gbé ọmọ ṣubú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ọjọ́ náà ni wọn yóò gbé ènìyàn wa wọ tíátà, tí àwa yóò jókòó síta, tí a ó máa wo ẹnu ọ̀nà. Ó dára kí a mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn kí ọjọ́ náà tó dé.

Iṣẹ́ abẹ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dókítà kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kà wọ́n.

Ẹni kìíní ni dókítà tó mú abẹ lọ́wọ́. Ẹni kejì ni ẹni tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun kí ó má bàa mọ ìrora, tó sì ń ṣọ́ èémí rẹ̀. Ẹni kẹta ni nọ́ọ̀sì tó ń na irinṣẹ́ sí dókítà, tó sì ń ka gbogbo abẹ́rẹ́ àti aṣọ ìnu-ẹ̀jẹ̀, kí ọ̀kan má ṣe ṣẹ́ kù sínú ikùn ènìyàn. Ẹni kẹrin ni nọ́ọ̀sì tó ń rìn káàkiri, tó ń wá ohun tí wọ́n bá fẹ́. Ẹni karùn-ún wà ní láàbù, òun ló ń wo irú ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ti aláìsàn mu. Ẹni kẹfà ni nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù tó mú aláìsàn wá, tí yóò tún gbà á padà. Bí ó bá jẹ́ aboyún ni, agbẹ̀bí tí yóò gba ọmọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó pọ̀ nìkan kò tó, àwọn ọlọ́wọ́ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ara wọn yé. Ẹ wò ó. Bí láàbù bá mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kò sí nílẹ̀, tí dókítà kò mọ̀, dókítà á gbé abẹ lé ara. Bí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù bá mọ̀ pé aláìsàn jẹ àmàlà láàárọ̀, tí ẹni tó ń fúnni ní oògùn oorun kò mọ̀, oúnjẹ lè gòkè wá láti inú ikùn kó gba ọ̀nà èémí lọ. Bí wọ́n bá kọ "ìpá apá ọ̀tún" sí ìwé kan, tí wọ́n kọ "ìpá apá òsì" sí ìwé kejì, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kò dé ibi tó yẹ kí ó dé.

Ìbéèrè méjì tí àwọn baba wa ń bèèrè

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Wọ́n lè fi owó ẹyọ tàbí ìyẹ́ di ẹrù kékeré, kí wọ́n fi rán ọmọ. Ẹni tó fi àrokò ránṣẹ́ kì í fọkàn balẹ̀ títí ìránṣẹ́ rẹ̀ yóò fi padà. Kí ló dé? Nǹkan méjì ló fẹ́ mọ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀? Ṣé ó yé ẹni tó gbà á? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbéèrè méjì yìí sọ́kàn. Òun ni a ó fi wọn gbogbo ohun tí a ó sọ.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì, àpótí kékeré kan wà tí àwọn dókítà máa ń fi há ìgbànú. Pager ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ń wá dókítà, àpótí náà á dún, nọ́ńbà á sì hàn lójú rẹ̀. Dókítà á wá máa wá fóònù tí yóò fi pe nọ́ńbà náà. Ṣé ẹ rí àbùkù rẹ̀? Ó lè pe ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó pè kò mọ̀ bóyá dókítà gbọ́ tàbí kò gbọ́. Ní ọdún 2019, nǹkan bí 130,000 irú àpótí yìí ló wà ní àwọn ọsibítù ìjọba ibẹ̀. Lọ́dún náà, ìjọba wọn pàṣẹ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ kí ọdún 2021 tó parí, kí wọ́n máa lo fóònù àti ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gba èsì. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún díẹ̀ nínú rẹ̀, fún ìgbà pàjáwìrì.

Àwa náà kò jókòó lásán. Ní ọdún 1989, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ọsibítù ńlá rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ Yunifásítì Kuopio ní ilẹ̀ Finland. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Nígbà tó yá, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní MINPHIS. Ẹ rántí pé nígbà náà, fóònù alágbèéká kò tíì sí lọ́wọ́ tolówó tòtòṣì. Ọdún 2001 ni GSM tó dé Nàìjíríà. Ó hàn gbangba pé iṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ aláìsàn má sọnù ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí fóònù àti kọ̀ǹpútà lè ṣe

Ẹ jẹ́ kí á fi Ìwó tiwa yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé aboyún kan ń rọbí ní agogo méjì òru. Agbẹ̀bí rí i pé iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbé ọmọ náà, wọ́n sì ní láti gbé ìyá lọ sí ọsibítù tó tóbi jù, bóyá ní Òṣogbo, ní Ìbàdàn, tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí Yunifásítì Bowen ti Ìwó ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sí.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá ṣáájú ọkọ̀, ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀ ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jí dókítà. Ìgbà náà ni wọn yóò máa wá kọ́kọ́rọ́ tíátà, tí wọn yóò máa bèèrè irú ẹ̀jẹ̀ tó ní. Àkókò ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ń lọ.

Ṣùgbọ́n bí ètò bá wà, kí ọkọ̀ tó kúrò ní Ìwó, agbẹ̀bí á ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù sí gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ níbi tí wọ́n ń lọ. Á kọ ọjọ́ orí obìnrin náà, oṣù oyún rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìgbà tí ó ti ń rọbí, àti oògùn tí ó ti gbà. Dókítà á rí i. Ẹni tó ń fúnni ní oògùn oorun á rí i. Láàbù á rí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á dáhùn pé òun ti gbọ́. Kí ọkọ̀ tó wọ ẹnubodè, iná á ti tàn ní tíátà.

Nínú ọsibítù fúnra rẹ̀ náà, ó wúlò. Wọ́n lè kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ kan sí ojú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá yí i padà, tí wọ́n gbé ẹnì kan síwájú, gbogbo ẹ̀ka á rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí láàbù bá parí àyẹ̀wò, èsì á dé ọwọ́ dókítà láìrán ọmọdé níṣẹ́. Bí nọ́ọ̀sì òru bá ń lọ sílé, á kọ ohun tí ó ṣe àti ohun tí ó kù, nọ́ọ̀sì àárọ̀ á kà á. Fáìlì kò ní sọnù sábẹ́ tábìlì, òjò kò ní pa á.

Fóònù nìkan kò tó

A kò ní tàn yín jẹ. Ẹ̀rọ lè gbé ọ̀rọ̀ dé etí, kò lè gbé e dé ọkàn. Fóònù lè fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti dé, síbẹ̀ kí ẹni tó ni fóònù máa sùn.

Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde fún àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ìwé ojú ewé kan péré ni. Nǹkan 19 ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní, kí wọ́n tó fún aláìsàn ní oògùn oorun. Wọ́n á bi í pé, kí lorúkọ rẹ? Kí ni a fẹ́ ṣe fún ọ? Apá ibo ni? Ṣé oògùn kan wà tí ara rẹ kì í gbà?

Èkejì, kí wọ́n tó fi abẹ kan ara. Gbogbo wọn á dúró díẹ̀. Oníkálùkù á dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó wá ṣe. Wọ́n á tún orúkọ aláìsàn sọ, wọ́n á sọ ibi tí wọ́n fẹ́ là, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Ẹ̀kẹta, kí aláìsàn tó kúrò ní tíátà. Nọ́ọ̀sì á sọ ọ́ sókè pé gbogbo irinṣẹ́, abẹ́rẹ́ àti aṣọ ìnu-ẹ̀jẹ̀ ti pé.

Wọ́n dán ìwé yìí wò ní ọsibítù mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ. London wà nínú wọn, Toronto wà nínú wọn, ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Ifakara ní Tanzania sì wà nínú wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 ni èsì rẹ̀ jáde. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé náà, nínú aláìsàn 1,000, nǹkan bí 15 ló ń kú. Nígbà tí wọ́n lò ó, ó di 8. Àwọn tí ìṣòro ńlá bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹ́ nǹkan bí 110 nínú 1,000 tẹ́lẹ̀. Ó wá di 70.

Ẹ̀yin ará wa, ìwé pélébé ni o! Ọ̀pọ̀ ọsibítù ti gbé ìwé náà sójú kọ̀ǹpútà báyìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bóyá lórí ìwé ni o, bóyá lórí kọ̀ǹpútà ni o, agbára rẹ̀ wà nínú pé ẹnì kan kà á sókè, ẹlòmíràn sì dáhùn. Bí wọ́n bá kàn ń fi ọwọ́ tẹ "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" láìbi ẹnikẹ́ni, wọ́n ti sọ ọ́ di eré.

Ẹ̀kọ́ lára odídẹrẹ́

Gbogbo Yorùbá ló mọ Ìwó sí Ilé Odídẹrẹ́. Kí ni odídẹrẹ́ ń ṣe? Ohun tí ó bá gbọ́ ni ó ń tún sọ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó gbọ́n ń ṣe bí odídẹrẹ́. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Dókítà: "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa bèèrè ẹ̀jẹ̀ páìntì méjì."

Nọ́ọ̀sì: "Ẹ̀jẹ̀ páìntì méjì, Dókítà. Mo ń pè wọ́n báyìí."

Dókítà: "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣeun."

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, Nọ́ọ̀sì: "Dókítà, láàbù ní méjèèjì ti wà nílẹ̀, ó ń bọ̀."

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ lọ, ó dé, ó yé ẹni tó gbọ́, èsì sì padà. Ìbéèrè méjì tí àwọn baba wa ń bèèrè ti rí ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó rí lórí fóònù. Kí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ má kàn fi àwòrán àtàǹpàkò dáhùn. Kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ padà: "Aboyún kan láti Ìwó, ẹ̀jẹ̀ O, a ó ti múra sílẹ̀." Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ẹni tó fi ránṣẹ́ á tètè mọ̀, á sì tún un ṣe.

Nǹkan kan tún wà. Bí ọmọdé bá rí ohun tí àgbà kò rí, ó yẹ kí ó lè sọ ọ́. Nínú tíátà, nọ́ọ̀sì kékeré tó bá rí i pé aṣọ ìnu-ẹ̀jẹ̀ kan kò pé gbọ́dọ̀ lè sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, Dókítà, ẹ dúró ná." Dókítà náà gbọ́dọ̀ dúró. Èyí kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀mí ènìyàn ni.

Ohun tí a ní láti ṣọ́ra fún

Iná lè lọ. Bátìrì lè tán. Nẹ́tíwọ̀kì lè máa ṣe ségesège. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọsibítù tó bá ń lo kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ìwé àti kálàmù nítòsí, kí ó sì ní nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ mọ́ ara ògiri.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ àìsàn jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé àkọsílẹ̀ aláìsàn kì í ṣe ohun tí a ń pín kiri. Òfin mìíràn tún jáde ní ọdún 2023 láti dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn tó wà lórí ẹ̀rọ. Nítorí náà, kò yẹ kí òṣìṣẹ́ ọsibítù gbé àwòrán aláìsàn sórí WhatsApp tí ará ilé àti ọ̀rẹ́ wà. Àwa náà tí a jókòó síta, kí a má ṣe ya àwòrán ẹni tí wọ́n ń gbé jáde ní tíátà, kí a má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹbí ní Èkó àti ní ìlú òyìnbó. Ẹni tó sùn kò lè sọ pé òun kò fẹ́.

Ohun tí ẹ̀yin lè ṣe

Ẹ̀yin ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ fi ìmọ̀ náà ṣiṣẹ́. Ẹ lè dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tó yẹ.

1. Ẹ mú ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ yín, ọjọ́ orí yín, irú ẹ̀jẹ̀ yín bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, oògùn tí ẹ ń lò, àti oògùn tí ara yín kì í gbà. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Ẹ kọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún yín rí. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ènìyàn méjì. Ẹ fi í sí ibi tí ará ilé mọ̀.

2. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ ti jẹun, ẹ sọ òótọ́. Bí ẹ bá mu àgbo, ẹ sọ ọ́. Ẹ má tijú. Wọn kò bèèrè kí wọ́n lè bá yín jà.

3. Ẹ má bínú bí ènìyàn mẹ́ta bá bèèrè orúkọ yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má sọ pé, "Ṣé ẹ kò gbọ́ èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni?" Ẹni tó ń bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i ń ṣọ́ yín ni. Ẹni tí kò bèèrè ohunkóhun ni kí ẹ bẹ̀rù.

4. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ kà á. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá. Ẹ wò ó bóyá apá ibi tí wọ́n kọ ni ibi tó ń dùn yín.

5. Bí wọ́n bá ń dá yín sílẹ̀ lọ sílé, tí nọ́ọ̀sì sọ bí ẹ ó ṣe lo oògùn, ẹ tún un sọ fún un bí odídẹrẹ́. "Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, fún ọjọ́ méje." Bí ẹ bá ṣì í gbọ́, á tún un ṣe kí ẹ tó délé.

Ẹ̀yin ará wa, a kì í ránni níṣẹ́ ẹrú ká fi jẹ́ tẹrú, tọmọ là ń fi í jẹ́. Àwọn àgbà fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wa pé ẹni tó gba iṣẹ́ rán gbọ́dọ̀ lo ọgbọ́n. Fóònù kò lè lo ọgbọ́n yẹn fún wa. Àwa ènìyàn ni yóò bèèrè pé, ṣé ó dé? Ṣé ó yé wọn?

Kí ẹ tó lọ sílé, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì jọ jíròrò lórí wọn. Ènìyàn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ nínú tíátà? Kí ni àbùkù pager? Èéṣe tí a fi ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún ẹni tó sọ ọ́? Ta ni nínú ilé yín tí ó mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ mú kálàmù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé kékeré yẹn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á fi àìsàn lò ó.